Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ́ Wọṣẹ́ Ológun: Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Ìlẹ̀kùn Tí Ẹ Fẹ́ Gbà

Ní 1961, nígbà tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà kọ́kọ́ fi obìnrin ṣe ọ́físà, nọ́ọ̀sì ni wọ́n mú: Josephine Tolefe, tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí. Títí di òní, àwọn ológun kò yé wá nọ́ọ̀sì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì ni pé fọ́ọ̀mù tó bá kọ́kọ́ jáde la máa ń sáré gbà, láì mọ̀ pé ìlẹ̀kùn tó wà kò ju mẹ́ta lọ, àti pé èyí tí a bá gbà wọlé ló máa sọ iye tí a ó máa gbà lóṣù, ẹni tí a ó máa kí, àti bí a ṣe máa jáde.

Àwọn ìlẹ̀kùn náà

Èkíní ni DSSC. Òun ni ètò tí wọ́n fi ń mú ẹni tó ti kàwé gboyè wọlé tààrà, kí ó lè di ọ́físà fún iye ọdún tí wọ́n kọ sínú àdéhùn. Ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní tirẹ̀, ti ojú omi ní tirẹ̀, ti òfurufú náà ní tirẹ̀. Díígírì nọ́ọ̀sì, ìyẹn BNSc, tàbí HND ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú láísẹ́ǹsì láti ọ̀dọ̀ NMCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti ìwé NYSC, yálà èyí tó sọ pé ẹ sìnlú parí tàbí èyí tó sọ pé wọ́n yọ̀ǹda yín. Ẹ wo inú ìpolówó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fún ìpele díígírì tó kéré jù tí wọ́n ń gbà.

Èkejì ni ti rìkúrúùtù oníṣẹ́ ọwọ́. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó ní RN, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NMCN, láìní díígírì máa ń gbà wọlé, pẹ̀lú awakọ̀, mẹkáníìkì, wẹ́dà àti àwọn oníṣẹ́ mìíràn. Ṣọ́jà ni yóò jẹ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: láńsì kọ́púrù, kọ́púrù, sájẹ́ǹtì, títí dé warrant officer. Ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kí ẹ tó gba ìlẹ̀kùn yìí, ọmọ ọdún 25 tó gba DSSC wọlé lè jẹ́ ọ̀gá yín, ẹ ó sì dìde kí i nígbà tó bá wọlé. Ìrírí yín ní wọ́ọ̀dù kò yí ìyẹn padà. Ọ̀nà wà láti ipò ṣọ́jà di ọ́físà, ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà ẹ̀ka yín ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọdún ọjọ́ orí yín kò sì ní dúró dè yín.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé: kí ẹ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ológun gẹ́gẹ́ bí sìfílíànù, lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò. Owó CONHESS, ìyẹn ìlànà owó oṣù òṣìṣẹ́ ìlera, ni ẹ ó máa gbà bíi nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀ yòókù. Ẹ ó máa tọ́jú àwọn ṣọ́jà àti ẹbí wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́tà lásán ni ẹ ó kọ. Ẹni tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ológun ló wù ú, tí ìbọn àti eré òwúrọ̀ kò wù ú, ibí ni kó yà sí.

Ẹ ṣírò ọjọ́ orí kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn

Ìpolówó DSSC ti orí ilẹ̀ àti ti òfurufú sábà máa ń gba ẹni tó wà láàárín ọdún 20 sí 32. Ti ojú omi máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sábà máa ń dúró sí 22 sí 28. Ti rìkúrúùtù oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń parí sí ọdún 25 tàbí 26. Ẹ ka ìpolówó ọdún náà fínnífínní, nítorí wọ́n máa ń dárúkọ ọjọ́ kan pàtó tí ọjọ́ orí yín kò gbọ́dọ̀ kọjá, ọjọ́ yẹn sì lè jẹ́ oṣù mélòó kan lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Nínú oṣù yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bọ́.

Ẹ wo ẹni tó gba RN ní ọdún 22, tó sì ń rò ó bóyá kí òun kọ́kọ́ lọ gba BNSc. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 24, tí ẹ̀kọ́ náà gbà á ní ọdún mẹ́rin, ó ti di 28. Ti ojú omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti orí ilẹ̀ àti òfurufú ṣì wà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan náà ní 29 ti ń kàwé lọ síbi tí ìlẹ̀kùn yóò ti tì. Ẹni tó gba BNSc tààrà ní fásitì lè jáde ní 22 tàbí 23, kó ṣe ọdún ìmọ́ṣẹ́ kan, kó sìnlú ọdún kan, kó wá bá ara rẹ̀ ní 25 pẹ̀lú ìwé pípé. Ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni DSSC bá mu jù.

Ẹ̀ka òfurufú àti ti ojú omi máa ń sọ fún rìkúrúùtù pé kò gbọdọ̀ tíì ṣe ìgbéyàwó. Bí ẹ bá wọlé tán, ìyọ̀ǹda ni ẹ ó kọ̀wé béèrè kí ẹ tó gbéyàwó tàbí lọ́kọ. Ẹ bá ẹni tí ẹ ń fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí báyìí, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé Kaduna fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ìwé

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àwọn kan á máa sáré lójoojúmọ́, wọ́n á sì dé iwájú àwọn aṣàyàn pẹ̀lú orúkọ tó yàtọ̀ nínú ìwé mẹ́ta. Ẹ kó gbogbo ìwé yín sílẹ̀ lórí tábìlì kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì kà wọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: NIN, WAEC tàbí NECO, ìwé RN, láísẹ́ǹsì, díígírì, NYSC, ìwé ìbí. Orúkọ mẹ́ta, ìtẹ̀léra wọn, ọjọ́ ìbí. Obìnrin tó ti lọ́kọ, tó sì yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dọ̀ NMCN ṣùgbọ́n tí orúkọ bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí WAEC, á nílò ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Èyí máa ń gba ọ̀sẹ̀, ẹ má dúró de ìpolówó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ ìbí ló yàtọ̀ lórí NIN, ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ni ẹ ti máa tún un ṣe. Ẹ má ṣe parọ́ ọjọ́ orí. Ìwé WAEC tàbí NECO yín yóò tú àṣírí yín.

Ìwé ìbí gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, ilé ìwòsàn tàbí ìjọba ìbílẹ̀, tàbí kí ẹ ní ìwé ìbúra ọjọ́ orí tó bófin mu. Ẹ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ yín gan-an. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bí sí Èkó, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, kò gbọdọ̀ lo ti Èkó nítorí pé ó sún mọ́ ọn. Ìpín ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàyàn, wọ́n sì máa ń béèrè ìbéèrè nípa ìlú yín. Ẹ ó tún nílò olùdúró, ìyẹn ẹni tí ó máa fọwọ́ síwèé fún yín: alága tàbí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, májísíréètì, ọ̀gá ilé ìwé, tàbí ọ́físà ológun tí ipò rẹ̀ ga dé lieutenant-colonel. Ẹ tètè wá a, ọwọ́ àwọn wọ̀nyí máa ń dí.

Láísẹ́ǹsì NMCN máa ń kú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Bí ó bá kù díẹ̀ kó kú, ẹ tún un gbà kí ẹ tó lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, torí inú àgọ́ kọ́ ni ẹ ó ti ráyè ṣe ẹ̀kọ́ ìtẹ̀síwájú tí NMCN ń béèrè.

Ara

Gíga lẹ́nu ọ̀nà ni: orí ilẹ̀ sábà máa ń béèrè mítà 1.68 fún ọkùnrin àti 1.65 fún obìnrin, òfurufú máa ń béèrè 1.66 àti 1.63. Ẹ wọn ara yín láìwọ bàtà, ní òwúrọ̀, lára ògiri. Bí ẹ bá kúrú sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ wá ẹ̀ka tí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá yín mu dípò kí ẹ máa gbàdúrà pé kí teepu fà.

Àyẹ̀wò ìlera ni nọ́ọ̀sì kò yẹ kó ti bọ́, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bọ́, torí a kì í yẹ ara wa wò. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ, orúnkún tó ń kanra wọn, ojú tí kò ríran dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, HIV, àrùn mẹ́dọ̀wú, oyún, egbòogi olóró, eyín tó ti bàjẹ́, àti ara tí wọ́n fín. Ẹ da omi sí àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ tẹ páálí: bí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ bá tẹ̀ mọ́ ọn láìsí ihò láàárín, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó bá pàdé. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn ìsinmi, kì í ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Bí ó bá ń dúró sí 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà oṣù mélòó kan ṣáájú. Ti mẹ́dọ̀wú B, ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ sì parí abẹ́rẹ́ mẹ́ta náà: ti òní, ti oṣù kan, ti oṣù mẹ́fà. Ẹ rí i pé oṣù mẹ́fà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ti eré sísá, ẹ fi kìlómítà 3.2 ṣe òṣùwọ̀n, ìyẹn máìlì méjì, kí ẹ sì fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀: sá ìṣẹ́jú méjì, rìn ìṣẹ́jú méjì, títí ìṣẹ́jú 20 yóò fi pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kejì, ẹ sá kìlómítà méjì láìdúró, ẹ sì fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn, ẹ sá 3.2 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ sì sá èyí tó kúrú tó sì yára lẹ́ẹ̀kan. Press-up, sit-up àti dídi igi mú fà sókè, ẹ ṣe wọ́n ní ọjọ́ tí ẹ kò sáré. Dídi igi mú ló máa ń dójú ti àwọn obìnrin jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nípa dídirọ̀ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, kí apá mọ ìwúwo ara. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ sùn kí ẹ tó sáré. Ìrora ojúgun tó mú ọ̀pọ̀ kúrò lójú ọ̀nà máa ń wá látinú sísáré jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lórí ọ̀dà, nínú bàtà tó ti gbó.

Fọ́ọ̀mù àti àyẹ̀wò

Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni fọ́ọ̀mù ń jáde sí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ mú owó wá fún "slot", olè ni, ìbáà tiẹ̀ wọ aṣọ ṣọ́jà. Ẹ lo ímeèlì kan tí ẹ ń ṣí lójoojúmọ́. Ẹ má fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ímeèlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, NIN yín yóò tú yín sí gbangba, wọ́n á sì yọ méjèèjì. Ẹ tẹ ìwé tí wọ́n ní kí ẹ mú wá jáde ní ọjọ́ kan náà, torí ojú ìwé náà máa ń tì tí wọ́n bá ti parí.

Ìdánwò máa ń dá lórí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò díẹ̀, ohun tó ń lọ nílùú, àti iṣẹ́ yín. Ti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ tún ìṣirò oògùn kà, ìyẹn iye ìgbà tí omi dírìpù yóò máa kán ní ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀n oògùn fún kílógíráàmù, àti ìtọ́jú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dànù lára rẹ̀. Níwájú àwọn aṣàyàn, ẹ dáhùn ní kúkúrú. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ fẹ́ wọṣẹ́ ológun, ẹ má sọ pé ẹ kò ríṣẹ́. 

Inú àgọ́

Rìkúrúùtù orí ilẹ̀ sábà máa ń lọ sí Depot, ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn, ní Zaria, fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ti ojú omi wà ní Onne, lẹ́bàá Port Harcourt, ti òfurufú wà ní Kaduna. Ọ́físà DSSC ti ojú omi náà, Onne ni. Ti òfurufú náà, Kaduna ni. Ti orí ilẹ̀ ń lọ sí NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà ológun, ní Kaduna.

Nínú oṣù wọ̀nyí, nọ́ọ̀sì kọ́ ni yín. Ọmọ ogun ni yín. Wọ́n á jí yín ní kùtùkùtù, ẹ ó jẹun ní kíákíá, fóònù á dúró síta, orúkọ yín á di nọ́ńbà. Èyí tó ń dá nọ́ọ̀sì lágara jù ni pé, ní wọ́ọ̀dù, bí dókítà bá kọ oògùn tí kò tọ́, a gbọ́dọ̀ bi í. Nínú àgọ́, ìbéèrè kì í wáyé bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí àṣẹ, kí ẹ ṣe é, kí ẹ tó wá wá àyè béèrè. Ẹ má ṣàfihàn ipò iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ ìtọ́jú, òun ni wọn á fi ṣe nọ́ọ̀sì gbogbo bàráàkì lóru, tí òun náà kò sì ní sùn.

Iṣẹ́ gan-an

Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ogun. Ní 68 Nigerian Army Reference Hospital ní Yaba, ní 44 ní Kaduna, ní ilé ìwòsàn ọmọ ogun ojú omi ní Ojo, tàbí ní ti 2 Division nínú Adekunle Fajuyi Cantonment ní Ìbàdàn, ìyàwó ṣọ́jà tó lóyún, ọmọ tó nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí ìtọ̀ ṣúgà ń dà láàmú, àwọn ni yóò kún inú wọ́ọ̀dù yín. Láàárọ̀, àwọn ṣọ́jà tí ara wọn kò yá yóò tò síwájú yín. Iṣẹ́ yín ni láti mọ ẹni tí ibà mú lóòótọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kò fẹ́ sáré lónìí.

Ogun náà sì wà. Wọ́n lè rán yín lọ sí Borno, lábẹ́ Operation Hadin Kai, sí ibùdó ìtọ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn ojú ìjà. Ibẹ̀, ìtẹ̀léra tí wọ́n kọ́ yín ní ilé ìwé yóò yí padà. Ní wọ́ọ̀dù, ọ̀nà èémí ni a kọ́kọ́ ń wò. Lójú ogun, ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde ni ẹ ó kọ́kọ́ dá dúró, lẹ́yìn náà ọ̀nà èémí, lẹ́yìn náà mímí, lẹ́yìn náà ìṣàn ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó bò ó kí òtútù má baà mú un. Ìdí ni pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ńlá ń dà láti itan lè kú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tó parí wíwo ẹnu rẹ̀. Okùn ìdẹ̀jẹ̀dúró, ẹ so ó ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7.5 lókè ọgbẹ́, ẹ má so ó lórí oríkèé, ẹ fún un títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dáwọ́ dúró, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ so ó sára okùn náà tàbí síwájú orí aláìsàn. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á so ó díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa tú síbẹ̀, torí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn nìkan ni ó dí. Tàbí wọ́n á gbàgbé aago, dókítà tó gbà á kò ní mọ̀ bóyá wákàtí kan ni tàbí mẹ́rin. Ẹ̀bùn yín nìyí gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì: ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀.

Owó

Owó oṣù ológun ní ìlànà tirẹ̀, CONAFSS. Ẹ má bi ọ̀rẹ́ yín pé èló ló ń gbà, ẹ ní kí ó fi ìwé owó oṣù hàn yín, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti CONHESS. Ẹ ka ilé, ìtọ́jú ìlera ẹbí àti owó tí wọ́n ń fún ẹni tó wà lójú ogun mọ́ ọn. Kí ẹ sì yọ ohun tí ẹ ó pàdánù: nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba láàárọ̀, tó ń ṣe ti aládàáni ní ìrọ̀lẹ́, kò ní ráyè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyanṣẹ́lódì náà kò sí. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì gùn lé ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ní ìparí oṣù Keje 2025, nọ́ọ̀sì tó wà nínú aṣọ ológun kò lè bá wọn dá sí i. Owó ìfẹ̀yìntì ló dáa díẹ̀: láti 2011 ni àwọn ológun ti jáde kúrò nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ń dá sí, àjọ owó ìfẹ̀yìntì ológun ló ń san tiwọn.

Jíjáde, àti ọ̀rọ̀ jápa

Bí ó bá jẹ́ pé inú ọkàn yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún mẹ́ta sí àsìkò yìí, ẹ má wọlé. Òfin àwọn ológun sọ fífi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n lè mú yín, kí wọ́n sì dá yín lẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ ológun. Ìlànà wọn máa ń béèrè pé kí ènìyàn ti sìn fún ọdún 15 kó tó lè kọ̀wé pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì fúnra òun. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Abuja dájọ́ pé kò tọ́ kí wọ́n fi ọdún 15 de ọ́físà mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ìdájọ́ kan ṣoṣo kọ́lé.

NMCN náà wà ńbẹ̀. Ìlànà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024 sọ pé nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí wọ́n fìdí ìwé rẹ̀ múlẹ̀ fún àjọ ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì, kí ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì kọ lẹ́tà ìwà rere tààrà sí NMCN. Bí ibi iṣẹ́ yín bá jẹ́ bàráàkì, ẹ ti mọ ẹni tí ìwé náà yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Fún ẹni tó ti wà lókè òkun

Ní Bìrìtìkó, ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth lè wọ iṣẹ́ ológun, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ṣí ìlẹ̀kùn náà, wọ́n sì máa ń tì í, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi iṣẹ́ NHS sílẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé NMC, ìyẹn àjọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tiwọn níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní QARANC, kò sí mọ́: ní oṣù Kọkànlá 2024 ni wọ́n da òun àti ẹ̀ka dókítà pọ̀ mọ́ ti dókítà eyín, wọ́n wá ń pè é ní Royal Army Medical Service.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ilẹ̀ náà ni ọ́físà Army Nurse Corps, ìyẹn ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ọmọ ogun orí ilẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ológun ní kíkún (active duty) gbọ́dọ̀ jẹ́, pẹ̀lú BSN àti láísẹ́ǹsì RN. Ẹni tó ní green card kò lè jẹ́ ọ́físà nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́ kíkún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè wọlé bí ṣọ́jà, bí àpẹẹrẹ 68C, tí í ṣe nọ́ọ̀sì oníṣẹ́ ọwọ́ tiwọn, tàbí 68W, tí í ṣe olùtọ́jú lójú ogun, kó sì gba iṣẹ́ náà di ọmọ ilẹ̀. RN láti Nàìjíríà tó bá gba ọ̀nà 68C ti padà sí ìsàlẹ̀ àkàbà, pẹ̀lú ASVAB, ìdánwò ìgbaniwọlé àwọn ṣọ́jà wọn, lọ́nà. Bí ẹ bá ti sún mọ́ ìwé ọmọ ilẹ̀, ẹ dúró gbà á, kí ẹ wá wọlé bí ọ́físà.